Ìdákẹ́jẹ́ Cole àti Nọ́ńbà 2⁶⁷ − 1: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn kan nípa Èdè àti Ìṣirò

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1903, Frank Nelson Cole, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia, dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi ìpàdé Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìṣirò ti Amẹ́ríkà ní ìlú New York. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tó gbajúmọ̀ ṣe sọ ọ́, kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì la ẹnu rẹ̀. Ó mú ẹfun, ó lọ sí iwájú pátákó, ó ṣírò 2⁶⁷, ó sì yọ oókan kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí apá kejì pátákó, ó kọ nọ́ńbà méjì sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ ara wọn:

193,707,721 × 761,838,257,287 = 147,573,952,589,676,412,927

Èsì apá méjèèjì bá ara wọn mu. Àwọn tó wà níjòókòó pàtẹ́wọ́, Cole padà sí àyè rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kankan.

Ìtàn náà kúrú, ó sì dùn, ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe adùn rẹ̀ nìkan ló gbé e rìn jìnnà. Ó rọrùn láti kà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ìṣirò kò ní èdè: pé nọ́ńbà fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ tó, ẹnu ènìyàn kò sì ní ohun tí yóò fi kún un. Bí èyí bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé kò sí ohun tí èdè Yorùbá pàdánù bí a bá lé e kúrò nínú kíláàsì ìṣirò. Ọmọ tí wọ́n bí sí London tàbí Houston lè máa fi Yorùbá kí bàbá àgbà, kí ó fi pa òwe, kí ó fi ka ení dé ọgọ́rùn-ún, kí ó sì máa fi èdè mìíràn ronú nípa ohun tí nọ́ńbà jẹ́. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìtàn Cole wò láti fi hàn pé kò gbe èrò yẹn lẹ́yìn rárá. Ó tún kìlọ̀ nípa àṣìṣe kejì, èyí tí àwọn olólùfẹ́ èdè Yorùbá fúnra wọn lè bọ́ sínú rẹ̀.

Nọ́ńbà náà àti ìdílé rẹ̀

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Bí nọ́ńbà kan bá ju oókan lọ, tí kò sì sí nọ́ńbà tó lè pín in láìsí àjẹkù àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀, nọ́ńbà àìṣeépín ni a ó pè é níhìn-ín: méjì, mẹ́ta, márùn-ún, méje, mọ́kànlá. Èyí tí òmíràn bá lè pín ni nọ́ńbà aṣeépín: mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà tó bá pín in láìsí àjẹkù ni olùpín rẹ̀.

Láti rí 2⁶⁷, a ó kọ méjì sílẹ̀ ní ìgbà mẹ́tàdínláàádọ́rin, a ó sì sọ gbogbo wọn di púpọ̀ mọ́ ara wọn. Bí a bá yọ oókan kúrò nínú èsì náà, ohun tó kù jẹ́ ọ̀kan lára àwọn nọ́ńbà tí a fi orúkọ Marin Mersenne pè, àlùfáà ìjọ Àgùdà ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gbé ayé láti 1588 dé 1648. Nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1644, Mersenne sọ pé, bí a kò bá kọjá 257, iye ìgbà tí a lè kọ méjì sílẹ̀ tí èsì náà, bí oókan bá dín nínú rẹ̀, yóò fi jẹ́ àìṣeépín ni 2, 3, 5, 7, 13, 17, 19, 31, 67, 127 àti 257. Àṣìṣe márùn-ún ló wà níbẹ̀: 67 àti 257 kò yẹ kó wà nínú rẹ̀, ó sì gbàgbé 61, 89 àti 107. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ yẹ gbogbo rẹ̀ wò nígbà náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró fún ìgbà pípẹ́ lórí iyì ẹni tó sọ ọ́.

Apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Bí iye ìgbà tí a kọ méjì sílẹ̀ bá jẹ́ aṣeépín, èsì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ aṣeépín pẹ̀lú. Ẹ wo 2⁸ − 1, tí í ṣe 255. Nítorí pé méjì àti mẹ́rin pín mẹ́jọ, 2² − 1, tí í ṣe 3, àti 2⁴ − 1, tí í ṣe 15, ni wọ́n pín 255. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé yí padà. Mọ́kànlá jẹ́ àìṣeépín, síbẹ̀ 2¹¹ − 1, tí í ṣe 2047, jẹ́ 23 × 89. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí a bá wo 127 àti 2047 lójú lásán, kò sí àmì lára èkejì tó sọ pé ó ṣeé pín.

Ohun tí pátákó kò fi hàn

Ibi tí ìtàn Cole ti wá ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í. E. T. Bell ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀, nínú ìwé rẹ̀ Mathematics: Queen and Servant of Science, tó jáde ní 1951. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ti kọjá lórí ìpàdé náà nígbà yẹn. Ní 1903, akẹ́kọ̀ọ́ ni Bell ní Stanford, ní California, ó sì jìnnà réré sí New York. Ẹni tó sọ ìtàn náà kò sí nínú yàrá tó ń ròyìn rẹ̀. Òǹkọ̀wé tó mọ bí a ti ń dá àpárá ni Bell, àwọn òpìtàn ìmọ̀ ìṣirò sì ti tọ́ka sí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ó máa ń fi iyọ̀ sí ìtàn. Èyí kò sọ ìtàn náà di irọ́. Ohun tó sọ fún wa ni pé ìdákẹ́jẹ́ tí à ń yìn nínú rẹ̀ ti gba ẹnu ẹlòmíràn kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun kejì ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Cole kọ̀wé. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ nípa wíwá àwọn olùpín nọ́ńbà ńlá jáde nínú ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1903 kan náà. Ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé ọ̀nà tó gbà. Ìtàn tó gbajúmọ̀ gbàgbé àpilẹ̀kọ náà, ó sì di pátákó mú, bí ẹni pé àwọn nọ́ńbà méjèèjì já bọ́ láti ojú ọ̀run sí orí ẹfun.

Láti mọ ohun tí a pàdánù nípa ìgbàgbé yìí, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Òfin méjì ti wà ṣáájú Cole nípa irú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Èkíní ni pé, bí a bá yọ oókan kúrò lára olùpín èyíkéyìí tí 2⁶⁷ − 1 ní, 134, tí í ṣe ìlọ́po méjì 67, yóò pín ìyókù láìsí àjẹkù. Èkejì ni pé, bí a bá fi mẹ́jọ pín olùpín náà, àjẹkù rẹ̀ yóò jẹ́ oókan tàbí méje. Ẹ fi 2047 dán an wò: 22 pín 22, ó sì pín 88, mẹ́jọ pín 23, àjẹkù rẹ̀ jẹ́ méje, mẹ́jọ pín 89, àjẹkù rẹ̀ jẹ́ oókan. Ẹ wá yíjú sí àwọn nọ́ńbà Cole: 193,707,720 jẹ́ 134 lọ́nà 1,445,580, bẹ́ẹ̀ ni 761,838,257,286 sì jẹ́ 134 lọ́nà 5,685,360,129. Àjẹkù wọn lórí mẹ́jọ jẹ́ oókan àti méje.

Òfin méjèèjì yìí ti lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nọ́ńbà kúrò lọ́nà. Síbẹ̀, àwọn tó kù tí ènìyàn yóò dán wò kí ó tó kan olùpín àkọ́kọ́ ju ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógójì lọ. Bí ènìyàn bá ń lo ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, yóò lo ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Kódà bí ó bá kọ́kọ́ yọ gbogbo aṣeépín kúrò láàrin wọn, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló ṣì wà níwájú rẹ̀. Bell ròyìn pé nígbà tí òun bi Cole léèrè, ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọjọ́ Ìsinmi ọdún mẹ́ta ni òun fi ṣe é. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló gé àwọn ọdún yòókù kúrò? Ìrònú ni, èyí tí a gbé kalẹ̀ nínú gbólóhùn: bí èyí bá rí báyìí, a jẹ́ pé ìyẹn kò lè rí bẹ́ẹ̀, kò sí irú èyí tí kò ní irú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ló ti ṣiṣẹ́ tán kí ìdákẹ́jẹ́ tó ráyè. Ẹni tó dákẹ́ níwájú pátákó lè dákẹ́ nítorí pé ó ti sọ ọ̀pọ̀ nǹkan fún ara rẹ̀ nílé.

Mímọ̀ pé, àti mímọ ohun tí

Àṣìṣe mìíràn wà nínú ọ̀nà tí a gbà ń sọ ìtàn náà: ó dà bí ẹni pé Cole ló kọ́kọ́ já irọ́ Mersenne nípa 67. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1876, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣáájú, Édouard Lucas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti fi hàn pé 2⁶⁷ − 1 ṣeé pín. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé kò rí olùpín kankan.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ pé nọ́ńbà ṣeé pín láìmọ ohun tó pín in? Ọ̀nà Lucas, ní ìrísí tí D. H. Lehmer fún un lẹ́yìn náà, lọ báyìí. A bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́rin. A sọ ọ́ di púpọ̀ mọ́ ara rẹ̀, a yọ méjì kúrò, a fi nọ́ńbà tí à ń dán wò pín èsì náà, a sì mú àjẹkù nìkan. A ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún àjẹkù náà. Iye ìgbà tí a ó ṣe é fi méjì dín sí iye ìgbà tí a kọ méjì sílẹ̀. Bí àjẹkù ìkẹyìn bá jẹ́ òdo, àìṣeépín ni. Bí kò bá jẹ́ òdo, aṣeépín ni. Fún 31, tí í ṣe 2⁵ − 1, ìgbà mẹ́ta ni: 4, 14, 8, 0. Àìṣeépín ni 31. Fún 2047, ìgbà mẹ́sàn-án ni: 4, 14, 194, 788, 701, 119, 1877, 240, 282, 1736. Kò jẹ́ òdo, nítorí náà 2047 ṣeé pín, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì rí 23 tàbí 89 lójú ọ̀nà rárá. Ẹni tó bá fi ìka kan ìkòkò máa ń mọ̀ láti inú ìró rẹ̀ pé ó ti sán, kí ó tó rí ojú ibi tó ti sán.

Níhìn-ín ni èdè Yorùbá ti ní ohun tí yóò sọ nípa ìpàtẹ́wọ́ New York. Nínú ìwé tí Barry Hallen àti J. O. Sodipo tẹ̀ jáde ní 1986, Knowledge, Belief and Witchcraft, wọ́n gbé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yorùbá yẹ̀ wò, wọ́n sì ṣàlàyé pé ìmọ̀, lójú àwọn àgbà wọ̀nyí, ni ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, bí ó ti wù kí ó dára tó, ìgbàgbọ́ ni. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó ka èsì Lucas láìtún ìṣirò rẹ̀ ṣe gbà á gbọ́ ni. Àwọn tó jókòó níwájú Cole mọ̀ ọ́n. Isọdipúpọ̀ nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́sàn-án mọ́ ẹlẹ́yọ méjìlá kò ju 108 ìsọdipúpọ̀ kéékèèké lọ, àti àròpọ̀ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní sùúrù lè ṣe é ní ọ̀sán kan. Ohun tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún lè máà jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ bí kò ṣe èyí: ohun tí wọ́n ti ń gbà gbọ́ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n di ohun tí ojú wọn rí.

Ìyàtọ̀ láàrin wíwá àti yíyẹ̀wò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn lásán. Láti 1977 tí Rivest, Shamir àti Adleman ti gbé ọ̀nà ìfọ̀rọ̀pamọ́ tí à ń pè ní RSA kalẹ̀, ó ti di ọ̀kan lára àwọn ohun tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó rọrùn fún kọ̀ǹpútà láti sọ àìṣeépín ńlá méjì di púpọ̀; láti mú èsì náà padà sí àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ wà. Ohun tó jẹ́ ìpọ́njú fún Cole di odi fún ẹlòmíràn.

Orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí

Bí a bá ti wí pé ìṣirò nílò èdè, ó yẹ kí a ṣọ́ra fún èkejì àṣìṣe náà: èrò pé èdè Yorùbá ti ní gbogbo ìmọ̀ yìí nínú tẹ́lẹ̀, pé kí a kàn tú orúkọ nọ́ńbà wò ni. Òótọ́ ni pé orúkọ nọ́ńbà Yorùbá ń fi ìṣirò hàn ju ti ọ̀pọ̀ èdè lọ. 67 jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́rin: ogún lọ́nà mẹ́rin, ó dín mẹ́wàá, ó tún dín mẹ́ta. Ọmọ tó bá mọ ọ̀kàndínlógún kò ní ṣe àjèjì sí nọ́ńbà Mersenne, nítorí pé gbogbo wọn jẹ́ ohun ńlá kan tí oókan dín nínú rẹ̀. Àǹfààní gidi ni èyí jẹ́ fún olùkọ́.

Ṣùgbọ́n orúkọ ń sọ bí a ti kó nọ́ńbà jọ. Kò sọ ohun tó pín in. Ẹ wo ọ̀kànlénígba àti ọ̀kànlénírinwó, tí a fi ń ka àwọn irúnmọlẹ̀. Orúkọ méjèèjì rí bákan náà: ohun gbọọrọ kan, oókan sì lé e. Síbẹ̀ 401 jẹ́ àìṣeépín, 201 sì jẹ́ 3 × 67. Kò sí ohun tó wà nínú orúkọ wọn tó fi ìyàtọ̀ náà hàn. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé nítorí pé 67 wà nínú 201, àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ nípa nọ́ńbà Cole, ó ti fi àjọṣepọ̀ ojú lásán rọ́pò ẹ̀rí. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Ifá. Ojú mẹ́jọ ni odù kọ̀ọ̀kan ní, ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlà kan tàbí méjì, nítorí náà odù jẹ́ 2⁸, èyíinì ni 256, láti Ifẹ̀ títí dé Havana. Òótọ́ ni èyí, ó sì dára láti fi kọ́ ọmọ ní ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé bí a ti ń wá olùpín, ọ̀nà jìn. Ìyìn tí kò ní ẹ̀rí kò bu iyì kún Ifá, ó sì ń kọ́ ọmọ pé ìgbàgbọ́ àti ìmọ̀ jẹ́ ohun kan náà. Ohun tí àwọn àgbà inú ìwé Hallen àti Sodipo kọ̀ nìyẹn gan-an.

Àgbálọgbábọ̀

Àṣìṣe méjèèjì jọ ara wọn ju bí wọ́n ti rò lọ. Èkíní ní nọ́ńbà ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Èkejì ní orúkọ nọ́ńbà ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Kò sí èyí tó fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ tó wà láàrin: kí ènìyàn sọ ohun tó rò, kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì bi í léèrè. Iṣẹ́ èdè nìyẹn, Yorùbá sì lè ṣe é. Ètò ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa ṣe olórí rẹ̀ ní Ifẹ̀ láti 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Èyí tó kù ni kí a má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró sórí kíka ení, èjì.

Nítorí náà, bí olùkọ́ bá fẹ́ sọ ìtàn Cole fún àwọn ọmọ Yorùbá ní òkè òkun, ó dára kí ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe parí rẹ̀ síbi ìpàtẹ́wọ́. Kí ó sọ fún wọn pé Cole kọ̀wé. Kí ó fún wọn ní 2047, kí wọ́n wá olùpín rẹ̀, kí wọ́n sì fi Yorùbá sọ ìdí tí wọn kò fi ní láti dán 3, 5, 7, 11, 13, 17 àti 19 wò: oókan kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, 22 kò sì pín ìyókù. Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá lè sọ ọ́ ní èdè ìyá rẹ̀, tó sì lè gbèjà rẹ̀, ti kúrò ní kíkà lásán. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìrònú ló sì ń múni débẹ̀.